Ayọ̀délé Awójọbí: Ọ̀jọ̀gbọ́n tí Kò Ka Iṣẹ́ Ọwọ́ sí Àbùkù

Nígbà tí a jókòó láti pinnu ẹni tí a ó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sínú ìwé ìrántí ọdún yìí, ọ̀pọ̀ orúkọ ni ó wá sí wa lọ́kàn. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, àwọn adájọ́ wà níbẹ̀, àwọn olóṣèlú náà kò sì gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ohun kékeré kan ni ó darí wa sí ọ̀dọ̀ ẹni tí a yàn.

Ohun náà ni ọkọ̀ agolo. Ẹni tí ó bá dàgbà ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìyìn tàbí ní Ìgèdè yóò mọ ohun tí a ń sọ. Ọmọdé yóò ṣa agolo sàdíìnì tàbí agolo mílíìkì jọ, yóò fi ìṣó lu ú, yóò gé ìdí bàtà sílípáàsì tí ó ti gbó ní róbótó fún táyà, yóò ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí wáyà bọ̀ ọ́, yóò so okùn mọ́ ọn níwájú, yóò sì máa wọ́ ọ kiri àdúgbò. Àwọn mìíràn a fi pòpórò àgbàdo kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn tí ó dàgbà jù wọ́n lọ díẹ̀ a tú rédíò tí ó ti dákẹ́, wọn a yọ bátìrì àti gílóòbù tọ́ọ̀ṣì, wọn a sì so wáyà mọ́ ọn títí iná yóò fi tàn. Ọmọ kan kì í sì í dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ẹni tí ó bá ti mọ bí a ṣe ń gé táyà ni yóò kọ́ èkejì, èkejì ni yóò sì wá bí wọn yóò ṣe fi iná sí ojú ọkọ̀ náà.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà yóò wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, a ó gbé ìwé lé e lọ́wọ́, ọwọ́ tí ó ń gé agolo yóò sì sùn. Àwa ará Èkìtì kì í fi ìwé ṣeré. Wọ́n a máa sọ pé bí ènìyàn bá sọ òkúta ní ilẹ̀ wa, àfàìmọ̀ kí ó má ba ilé ọ̀jọ̀gbọ́n. Ohun ìwúrí ni èyí jẹ́ fún wa, a kò sì ní fi ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan: ṣé dandan ni kí ọmọ pa ọwọ́ rẹ̀ tì kí ó tó lè di ọ̀jọ̀gbọ́n? Ìgbésí ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Olúwatùmínínú Awójọbí dáhùn ìbéèrè yìí. Ó tún kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kejì, èyí tí ó korò díẹ̀, tí a ó sì dé ibẹ̀ bí a bá ti ń bá ìtàn náà lọ.

Ọmọ Òṣìṣẹ́ Rélùwéè

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 1937 ni a bí Ayọ̀délé Awójọbí, ní Òṣòdì, ní Èkó. Ọmọ Ìkòròdú ni bàbá rẹ̀, Olóyè Daniel Adékọ̀yà Awójọbí, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá ibùdókọ̀ nínú iṣẹ́ rélùwéè. Ọmọ Mọ́dákẹ́kẹ́, lẹ́bàá Ilé-Ifẹ̀, ni ìyá rẹ̀, Ìyáàfin Comfort Bámidélé, tí a bí sí ìdílé Adétúnjí. Òwò pẹ́pẹ̀pẹ́ ni ìyá náà ń ṣe. Ní ayé ìgbà náà, ọkọ̀ ojú irin ni ẹ̀rọ tí ó tóbi jù lọ tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń fi ojú ara wọn rí. Èéfín, omi gbígbóná àti irin ni ó ń wọ́ ẹrù àti ènìyàn láti etí òkun dé ilẹ̀ Haúsá, ó sì ń ṣe é ní gbangba, nítorí pé ìta ara ọkọ̀ náà ni àwọn ọ̀pá irin ńlá tí ó ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Inú ilé ẹni tí ó ń jẹun nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Ayọ̀délé ti lajú sáyé.

Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Peter's ní Fàájì, ní ìlú Èkó, ni ó kọ́kọ́ lọ. Láti ibẹ̀ ni ó ti wọ CMS Grammar School, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó pẹ́ jù lọ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, èyí tí Thomas Babington Macaulay, àna Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, dá sílẹ̀ ní ọdún 1859. Ibí yìí ni ìtàn Awójọbí ti kan àwa tí a wà ní Adó-Èkìtì. Ìjọ CMS kan náà ni ó rán Henry Dallimore wá sí ilẹ̀ wa, ẹni tí ó dá Christ's School sílẹ̀ ní Adó ní ọdún 1933. Bí Awójọbí kò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ Èkìtì, ilé-ẹ̀kọ́ onígbàgbọ́ bí irú tiwa ni ó tọ́ ọ dàgbà. Ohùn agogo àdúrà òwúrọ̀ tí ó ń jí àwọn ọmọ wa kò ní ṣe àjèjì sí i.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, kò pẹ́ tí gbogbo ènìyàn fi mọ̀ pé ọmọ yìí yàtọ̀. Sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ni ó yàn láàyò, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe eré Macbeth tí Shakespeare kọ, òun ni ó kó ipa olórí eré, ó sì kó o dé ibi pé orúkọ náà mọ́ ọn lára láàrin àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1955, ó jókòó ìdánwò àṣekágbá ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, iṣẹ́ mẹ́jọ ni ó sì ti gba ipò tí ó ga jù lọ. Ó tẹ̀síwájú lọ sí Nigerian College of Arts, Science and Technology ní Ìbàdàn. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1958, ó ti tún fakọ yọ nínú físíìsì àti nínú ẹ̀ka ìṣirò méjèèjì tí ó ṣe.

Ìjọba àpapọ̀ fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ẹ̀ka kọ́lẹ́ẹ̀jì náà tí ó wà ní Zaria, ibi tí a ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ, ni ó gbà lọ. Ní ọdún 1962, ó gba oyè àkọ́kọ́ ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù nínú ìmọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ní ipò kìn-ín-ní. Ó di Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní ọdún 1966. Kò dúró sí òkè òkun. Ọdún 1966 kan náà ni ó padà wálé, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó, ní Akọka.

Ilẹ̀ tí ó ń Gbọ̀n

Ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa ohun tí ó kọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìwé lásán ni. Ẹ rántí ẹ̀rọ ìlọta tí ó wà ní ìkọ̀rọ̀ àdúgbò. Bí wọ́n bá ti ta á, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, abọ́ orí tábìlì ilé kejì yóò sì máa dún. Bí ìpìlẹ̀ tí wọ́n gbé e lé kò bá dára, ẹ̀rọ náà yóò máa rìn kúrò ní àyè rẹ̀, nọ́ọ̀tì rẹ̀ yóò máa tú, kò sì ní pẹ́ bàjẹ́. Irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni Awójọbí fi ìṣirò tú palẹ̀: bí ohun líle tí ó wúwo ṣe ń gbọ̀n nígbà tí ó bá dúró lórí ilẹ̀ tí ń rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ́ ìpìlẹ̀ fún ẹ̀rọ ńlá ní ilé-iṣẹ́ nílò ìmọ̀ yìí, ẹni tí ó ń ronú nípa ìmìtìtì ilẹ̀ náà sì nílò rẹ̀. Ní ọdún 1965, kí ó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé rárá, iṣẹ́ tí òun àti olùkọ́ rẹ̀ Grootenhuis ṣe lórí rẹ̀ ti jáde nínú ìwé ìròyìn Royal Society ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ọdún 1974, Imperial College fún un ní oyè D.Sc., oyè tí wọ́n ń fi fún ẹni tí ìwádìí rẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó sì ga ju ti ọ̀mọ̀wé lọ. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè yìí nínú ìmọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé-ẹ̀kọ́ náà. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí Yunifásítì Èkó fi sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọmọ ọdún 37 ni.

Ọkọ̀ Ẹbí Rẹ̀

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ti fi ìtìjú pa òòlù àti sípánà tì ni Awójọbí ti gbé wọn. Kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń ka ìwé yìí lè mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà, ẹ jẹ́ kí a rán wọn létí ohun kan tí àwọn àgbà kò tíì gbàgbé. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1972, apá òsì ọ̀nà ni a ń gbà wa ọkọ̀ ní Nàìjíríà bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi kọ́ wa, sítíárín ọkọ̀ wa sì wà ní apá ọ̀tún. Gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó yí wa ká, láti Bẹ̀nẹ̀ dé Kamẹrúùnù, apá ọ̀tún ọ̀nà ni wọ́n ń gbà. Nítorí náà, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, ìjọba yí i padà, gbogbo wa sì bọ́ sí apá ọ̀tún.

Òfin lè yí ọ̀nà padà ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n kò lè yí ọkọ̀ padà. Ẹni tí ó ní ọkọ̀ tí sítíárín rẹ̀ wà ní apá ọ̀tún wá rí i pé etí ọ̀nà lọ́hùn-ún ni òun jókòó sí. Bí ó bá fẹ́ ya ọkọ̀ akẹ́rù sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kò lè rí ohun tí ń bọ̀ níwájú àfi bí ẹni tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá bá a wò ó. Àwọn tí ó ń gba ojú ọ̀nà olókè wíwọ́ bíi tàwa nílẹ̀ Èkìtì mọ̀ pé ẹ̀mí lè lọ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Opel Olympia Rekord ni ọkọ̀ tí Awójọbí àti ẹbí rẹ̀ ń lò, ọkọ̀ tí sítíárín rẹ̀ wà ní apá ọ̀tún. Ó yí i padà sí apá òsì. Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Ẹni tí yóò ṣe é gbọ́dọ̀ yọ sítíárín àti ọ̀pá rẹ̀, kí ó sì wá ọ̀nà tí yóò gbà dé ara àwọn ẹsẹ̀ iwájú láti ìhà kejì láìkọlu ẹ́ńjìnnì. Ó gbọ́dọ̀ gbé kílọ́ọ̀ṣì, bíréèkì àti ohun tí a ń tẹ̀ fún iná lọ sí ìhà kejì, kí ó sì rí i pé bíréèkì mú gírígírí bí ti àtẹ̀yìnwá. Dáṣíbọ́ọ̀dù àti wáyà inú rẹ̀ yóò tẹ̀lé e. Bí ó bá ṣàṣìṣe níbi tí ó ti so ó pọ̀, ọkọ̀ náà lè ya sí òsì nígbà tí awakọ̀ ń yà á sí ọ̀tún.

Lójú tiwa, ohun tí ó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ ẹbí rẹ̀ ni. Kò gba ọkọ̀ ìjọba fi dán ọgbọ́n wò, bẹ́ẹ̀ ni kò dúró de owó ìrànwọ́ láti òkè òkun. Ohun tí ó wà nílé ni ó fi ṣe é, ohun tí ó sì ń ni òun àti aládùúgbò rẹ̀ lára ni ó wá ojútùú sí. Bí iṣẹ́ náà bá bàjẹ́, ẹsẹ̀ ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa fi rìn. Àlágbẹ̀dẹ tí ó rọ àdá tí ó sì kọ́kọ́ fi ṣán oko ara rẹ̀ ni a lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Ọkọ̀ tí Kò Ní Ẹ̀yìn

Lẹ́yìn Opel náà, ó gbé iṣẹ́ mìíràn dìde tí ó sọ orúkọ rẹ̀ di ohun tí gbogbo ilé ń dá. Ọkọ̀ jíípù bí irú èyí tí àwọn ológun ń lò ni ó mú, ó fi sítíárín kejì sí ìhà ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì tún inú rẹ̀ tò tí ọkọ̀ náà fi lè fi jíà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sáré síwájú, kí ó sì fi jíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kan náà sáré padà sẹ́yìn. Autonov 1 ni ó pe orúkọ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti wa ọkọ̀ rí yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Rìfáàsì kan ṣoṣo ni ọkọ̀ tí a ń wà ní, kò sì lè sáré. Awakọ̀ yóò yí ọrùn padà títí yóò fi máa dùn ún, ọkọ̀ yóò sì máa fà bí ìgbín. Ìdí rẹ̀ ni pé inú àpótí jíà ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ kékeré kan sí àárín méjì láti yí ìrìn náà padà, fún jíà kan péré. Bí a bá fẹ́ kí gbogbo jíà ṣiṣẹ́ ní ìhà méjèèjì, a gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà láti yí ìrìn náà padà ní ibi tí yóò ti kan gbogbo wọn pọ̀. Nínú Autonov, kò sí ohun tí à ń pè ní rìfáàsì mọ́, nítorí pé ibikíbi tí awakọ̀ bá kọjú sí ni iwájú. Bí àwọn ọ̀tá bá dènà de ọmọ ogun ní ojú ọ̀nà tóóró, tàbí bí afárá bá já níwájú, kò sí pé a ń wá ibi tí a ó ti yí ọkọ̀ padà. Awakọ̀ yóò kọjá sí ìjókòó kejì, ọ̀nà tí ó bá wá ni yóò sì fi eré gbà lọ.

Yorùbá ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ọkọ̀ yìí ń wo ìhà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò sì fi ọgbọ́n rẹ̀ pamọ́ sínú yàrá. Olùkọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kún gbọ̀ngán rẹ̀ ni. Wọ́n fún un ní orúkọ àpèlé tí ó túmọ̀ sí pé ohun gbogbo rọrùn pátápátá lójú rẹ̀, àwọn mìíràn sì ń pè é ní òmìrán Akọka. Àwọn tí kò mọ ọ̀nà yunifásítì pàápàá mọ ojú rẹ̀, nítorí pé òun ni ó ń bi àwọn olùdíje ní ìbéèrè nínú ètò Mastermind lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ ìdílé a pé jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò ní alẹ́ láti wò ó, àwọn ọmọdé a sì máa sáré dáhùn kí olùdíje tó dáhùn.

Ọdún Ìkẹyìn

Ọkàn tí kò lè rí ọkọ̀ tí ó yí sí ìhà òdì kí ó má tún un ṣe kò lè wo ìlú tí ó yí sí ìhà òdì kí ó dákẹ́. Nígbà tí ìdìbò ọdún 1979 dá àríyànjiyàn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣirò ni ó wà nídìí rẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 ni ó wà nígbà náà, òfin sì béèrè pé kí ẹni tí yóò di ààrẹ rí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ náà. Èwo ni ìdá méjì nínú mẹ́ta 19? Ṣé 13 ni, tàbí 12 àti apá kan ìpínlẹ̀ mìíràn? Awójọbí fi ìmọ̀ ìṣirò rẹ̀ dúró ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gba ibòmíràn. Láti ìgbà náà títí tí àwọn ológun fi gba ìjọba ní òpin ọdún 1983, kò dẹ́kun láti máa bi ìjọba Alhaji Shehu Shagari léèrè bí wọ́n ṣe ń ná owó ìlú. Ó kọ ìwé, ó sọ̀rọ̀ ní gbangba, ó sì gba ilé ẹjọ́ lọ.

A kò ní dá sí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú nínú ìwé yìí. Ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ àti ẹni tí kò fara mọ́ èrò rẹ̀ yóò jọ gbà pé kò wá owó nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́rìnlélógún náà ni Ọlọ́run fi fún gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ kan. Wákàtí tí a bá lò nílé ẹjọ́ kò sí fún ìsọ̀ iṣẹ́ mọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1984, Ayọ̀délé Awójọbí dágbére fáyé. Ọmọ ọdún 47 ni, kò tíì dàgbà tó ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí yóò jókòó sí abẹ́ àtíbàbà wa ní ọjọ́ àjọ̀dún yìí.

Ní ọdún 2009, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ère rẹ̀ dúró sínú ọgbà kan ní oríta Onike, ní Yaba. Ọlá ni èyí, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńkọ́? Kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó rọ Autonov 2 fún títà. Kò sí ibi tí ènìyàn ti lè lọ rà á lónìí. Ère dúró ní oríta, ọkọ̀ tí ó lè lọ síwájú àti sẹ́yìn kò sì lọ sí ibì kankan.

Ohun tí ó Kàn Wá

Ẹ̀kọ́ kejì tí a sọ pé ó korò nìyí. Ọgbọ́n tí ó wà ní ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó, sàréè kan ṣoṣo ni ó ń dúró dè é. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ohun tí Awójọbí ṣe tó fún ènìyàn kan. Ohun tí ó kù ni kí a rí ènìyàn mẹ́wàá tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọn yóò tú u, tí wọn yóò rí àléébù rẹ̀, tí wọn yóò sì tún un tò kí ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣàdédé hù nígbà tí wọ́n bá di àgbà. Láti ìgbà ọkọ̀ agolo ni a ti ń kó wọn jọ.

Ní ọdún 1982, nígbà tí Awójọbí ṣì wà láyé, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ẹ̀kọ́ tuntun jáde, èyí tí ó pín ilé-ẹ̀kọ́ gíga sí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ àti mẹ́ta ìkẹyìn, tí ó sì fi iṣẹ́ ọwọ́ kún ohun tí gbogbo ọmọ yóò kọ́. Wọ́n ra ẹ̀rọ láti òkè òkun fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, inú àpótí pákó tí wọ́n fi kó wọn wá ni àwọn ẹ̀rọ náà wà títí ìpẹtà fi jẹ wọ́n, nítorí pé kò sí iná, kò sí yàrá, kò sì sí olùkọ́ tí ó mọ̀ wọ́n lò. Owó nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ ní ènìyàn nínú.

Ẹ̀yin òbí wa, a mọ̀ pé inú kì í dùn bí ènìyàn bá wọlé tí ó bá fáànù tàbí rédíò ní títú palẹ̀. A kò sọ pé kí ẹ pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tí ó ba nǹkan jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé kí ẹ jẹ́ kí ó fi ọwọ́ kan iná mànàmáná. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ tó na ẹgba, ẹ bi í ohun tí ó ń wá nínú rẹ̀. Ẹ wá èyí tí ó ti bàjẹ́ fún un, kí ẹ sì jókòó tì í. Bí ó bá tú u, ẹ ní kí ó tò ó padà. Kí ẹ má sì jẹ́ kí ó rò pé ọwọ́ yóò dípò ìwé. Ìṣirò ni ó jẹ́ kí Awójọbí mọ ibi tí ọ̀pá sítíárín yóò gbà. Láìsí ìwé, ì bá kàn máa fi òòlù lu irin káàkiri ni.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ní gbogbo àjọ̀dún ni ẹ ti ń ṣe ohun rere fún ilé-ẹ̀kọ́ yìí, a kò sì lè gbàgbé rẹ̀ láé. Ní ọdún yìí, a bẹ̀ yín kí ẹ ro yàrá kan mọ́ àwọn ẹ̀bùn yín. Kò ní láti tóbi. Tábìlì tí ó le, ìdè irin tí a fi ń di nǹkan mú, ayùn, òòlù, sípánà, irin tí a fi ń jó wáyà pọ̀, àti àpótí tí a ó máa kó ẹ̀rọ àlòkù sí, ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bùn tí ó tóbi jù níbẹ̀ ni ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ̀yin ẹnjiníà wà láàrin wọn, ẹ̀yin káfíńtà wà, ẹ̀yin wẹ́dà àti mẹkáníìkì náà wà, bí àwọn kan nínú yín tilẹ̀ ń jókòó sí ẹ̀yìn ní ìpàdé bí ẹni pé iṣẹ́ yín kò tó ti àwọn tó kù. Ẹ bọ́ síwájú. Bí ẹnìkọ̀ọ̀kan yín bá lè wá ní ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo ní táàmù kọ̀ọ̀kan, kí ó fi ohun tí ó mọ̀ han àwọn ọmọ, kí àwọn náà sì fi ohun tí wọ́n ṣe nílé hàn án, kò ní pẹ́ tí ọgbọ́n yóò fi máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́.

Onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ tijú iṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí a fẹ́ kọ́ àgọ́ ìpàdé nínú aginjù, Bẹsaleli ni Ọlọ́run fi orúkọ pè, ó sì fi ẹ̀mí rẹ̀ kún un, kí ó lè mọ iṣẹ́ wúrà, fàdákà, idẹ, òkúta àti igi. Olúwa wa pàápàá, ilé káfíńtà ni ó ti dàgbà.

Àdúrà wa ní àjọ̀dún yìí ni pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ tí ó ń gé agolo lónìí ní àdúgbò wa sùn, kí ó sì fún un ní ẹlẹgbẹ́. Ibi tí ọkọ̀ Ayọ̀délé Awójọbí dúró sí, kí àwọn ọmọ wa bá wa wà á lọ síwájú. Àṣẹ.